Kóró Kan, Ẹ̀dà Púpọ̀: Àgbéyẹ̀wò Debian, Ubuntu, Linux Mint àti Fedora lójú Iṣẹ́ Mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà

1. Ìfáárà

Láti ìgbà tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti wọ inú iṣẹ́ wa, ìbéèrè kan ni àwọn olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àti àwọn olùwádìí èdè máa ń bi wá léraléra: èwo nínú àwọn ètò adarí tí a lè gbà láìsanwó ni ó yẹ kí a fi sínú ẹ̀rọ wa? Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń rí gbà kò ju ọ̀rọ̀ ìyìn lọ. Ẹni tí ó ń lo Debian yóò yin Debian, ẹni tí ó ń lo Fedora yóò yin Fedora. Olúkúlùkù ń fi ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ yangàn. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti kúrò ní ipele ìyìn, kí a sì gbé ẹ̀dà mẹ́rin tí ó wọ́pọ̀ lé orí ìwọ̀n kan náà. Ìwọ̀n náà ni iṣẹ́ tiwa gan-an: kíkọ èdè Yorùbá-Nàgó bí ó ti tọ́, pípa ohun tí a kọ mọ́ fún ìran tí ń bọ̀, àti pípín in dé ọ̀dọ̀ àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò dúró ṣinṣin.

Ó yẹ kí a sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi di kánjúkánjú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn gbogboogbò fún Windows 10. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba ẹ̀rọ tí kò ní ohun-èlò ààbò tí a ń pè ní TPM 2.0, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní in. Ibùdó ẹ̀kọ́ àgbà tí ó ń lo ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn ti lò rí wá wà ní oríta mẹ́ta: kí ó ju ẹ̀rọ náà nù, kí ó máa lò ó láìsí ààbò, tàbí kí ó yí ètò adarí rẹ̀ padà. Ọ̀nà kẹta ni a gbà nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìkánjú yan ètò adarí ń fi ìwé-àkójọ ọ̀rọ̀, ìwé ìkọ́ni àti ohùn àwọn àgbà tí ó gbà sílẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

2. Kí ni à ń pè ní ètò adarí olómìnira?

Ètò adarí ni ètò tí ó kọ́kọ́ jí nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, òun ni ó sì ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà: ìrántí, dísìkì, kíbọ́ọ̀dù, ojú ẹ̀rọ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ náà olómìnira fẹ́ àlàyé díẹ̀. Èdè Faransé ya libre sọ́tọ̀ kúrò lára gratuit. Èdè Yorùbá náà ya òmìnira sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe méjèèjì, ìdí sì nìyẹn tí àríyànjiyàn fi pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà láàárín àwọn tí ń sọ ọ́. Ètò ọ̀fẹ́ ni èyí tí a kò san owó lé lórí. Ètò olómìnira ni èyí tí ẹni tí ó gbà á ní ẹ̀tọ́ mẹ́rin lórí rẹ̀: láti lò ó fún iṣẹ́ yòówù, láti yẹ inú rẹ̀ wò kí ó sì tún un ṣe, láti pín in fún ẹlòmíràn, àti láti pín ẹ̀dà tí òun fúnra rẹ̀ ti tún ṣe. A lè gba ètò kan lọ́fẹ̀ẹ́ kí a má sì ní òmìnira kankan lórí rẹ̀.

Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà, ni ó kéde iṣẹ́ GNU ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983 pẹ̀lú èrò yìí. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, kọ ohun tí iṣẹ́ náà kò tíì ní, èyí ni kóró ètò adarí, tí a ń pè ní Linux. Ní ọdún 1992 ó gbé kóró náà sábẹ́ ìwé-àṣẹ GNU. Láti ìgbà náà wá, ẹnikẹ́ni lè mú kóró Linux, kí ó mú àwọn ètò GNU àti ti ẹlòmíràn mọ́ ọn, kí ó dì wọ́n ní ìdì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì pín in. Ohun tí a dì pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní ẹ̀dà nínú àpilẹ̀kọ yìí. Slackware àti Debian bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993; àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè. Fedora jáde láti ara Red Hat ní ọdún 2003. Ubuntu jáde láti ara Debian ní ọdún 2004. Linux Mint jáde láti ara Ubuntu ní ọdún 2006.

Ó rọrùn fún onímọ̀ èdè láti fi àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí wé ẹ̀ka-èdè, kí ó ní bí Kétu, Sábẹ̀ẹ́, Ìdàáṣà àti Ìfẹ̀ ti Tógò ti jẹ́ sí Yorùbá ni Debian àti Fedora jẹ́ sí Linux. Àfiwé náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò tọ́ dé òpin. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó pinnu bí ará Sábẹ̀ẹ́ yóò ti máa sọ̀rọ̀. Ní ti ẹ̀dà Linux, àwọn ènìyàn kan ni ó jókòó tí wọ́n pinnu èyí tí yóò wọlé àti èyí tí yóò jáde, ọjọ́ tí a ó tẹ̀ ẹ́ jáde, àti ọjọ́ tí a ó kẹ̀yìn sí i. Nítorí náà, iṣẹ́ olóòtú ni ó bá a mu jù. Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn olóòtú ni ó yàtọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ìlànà tirẹ̀. Ìlànà yìí ni ó yẹ kí alárìíwísí ṣe ìdájọ́ lé lórí, kì í ṣe àwọ̀ ojú ẹ̀rọ.

3. Àwọn ẹ̀dà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

3.1 Debian. Ian Murdock ni ó dá a sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ni ó ni ín. Àwọn afínnúfíndọ̀ ni ó ń ṣe é, wọ́n ní òfin, wọ́n ń dìbò, wọ́n sì ń yan olórí lọ́dọọdún. Ní ọdún 1997 wọ́n kọ àdéhùn kan fún àwọn tí ń lo iṣẹ́ wọn, nínú èyí tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé Debian yóò wà ní òmìnira. Nǹkan bí ọdún méjì-méjì ni ìtẹ̀jáde tuntun máa ń jáde. Èyí tí ó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Debian 13, ní ìdì ètò tí ó ju 69,000 lọ nínú àká rẹ̀. Ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan ń gba àtúnṣe ààbò fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Láàárín àkókò náà, wọn kì í pààrọ̀ ètò inú rẹ̀. Àléébù nìkan ni wọ́n ń dí.

Àléébù rẹ̀ wà pẹ̀lú. Ètò inú rẹ̀ máa ń gbó kí ìtẹ̀jáde tuntun tó dé. Ìbéèrè tí ó ń béèrè nígbà tí a bá ń fi í sínú ẹ̀rọ lè dẹ́rù ba ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìfọwọ́lera tí ó fi mú òmìnira mú kí ó yọ àwọn ètò kéékèèké tí ẹ̀rọ Wi-Fi nílò kúrò nínú dísìkì rẹ̀, tí olùkọ́ kan lè fi Debian sínú ẹ̀rọ tán kí ó má sì rí íntánẹ́ẹ̀tì lò. Wọ́n dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2022. Láti orí Debian 12 ti ọdún 2023, àwọn ètò kéékèèké náà ti wà nínú dísìkì. A gbà pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ igbe àwọn tí ẹ̀rọ wọn kò bá ìlànà mu.

3.2 Ubuntu. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ Canonical ni ó gbé e jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004. Orúkọ náà wá láti inú àwọn èdè Nguni. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Ìtẹ̀jáde kan ń jáde ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ọ̀kan sì ń jáde ní ọdún méjì-méjì tí a ń tọ́jú fún ọdún márùn-ún. Kò sí àní-àní pé Ubuntu ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Títí di ọdún 2011, ó ń fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè, ní ibikíbi tí ìwé ìfìwéránṣẹ́ bá lè dé. Ohun tí èyí jẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè san owó íntánẹ́ẹ̀tì kò kéré.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ni onílé, ohùn onílé sì ni ó ń ṣẹ. Ní ọdún 2012, nínú Ubuntu 12.10, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá tẹ̀ láti fi wá fáìlì nínú ẹ̀rọ ara rẹ̀ ń gba ọ̀dọ̀ Canonical kọjá, kí a lè fi ọjà Amazon hàn án. Ọdún 2016 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣiṣẹ́ àyàfi bí oníǹkan bá tàn án. Olùwádìí tí ó ń wá orúkọ abánisọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú fáìlì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Láti orí Ubuntu 22.04 pẹ̀lú, ètò Firefox ń wá gẹ́gẹ́ bí irú ìdì kan tí a ń pè ní snap, tí ó ń ti ilé-ìtajà kan ṣoṣo jáde. Canonical ni ó ni ilé-ìtajà náà, ètò tí ó sì ń darí rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe olómìnira.

3.3 Linux Mint. Clement Lefebvre, ọmọ Faransé, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó mú Ubuntu onígbà-pípẹ́, ó yọ ohun tí kò fẹ́ kúrò, ó sì fi ojú ẹ̀rọ tí ó rọrùn fún ẹni tí ó ti mọ Windows bò ó. Ní ọdún 2020, nínú Mint 20, ó kọ snap sílẹ̀. Ẹ̀dà kan tún wà tí a gbé ka orí Debian fúnra rẹ̀, kí iṣẹ́ má baà dúró bí Ubuntu bá yí padà lọ́jọ́ kan. Ìwà olóòtú tí ó ronú ọ̀la nìyí. Ohun tí a lè tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àìlera rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ kékeré ni ó ń ṣe é, orí iṣẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n sì dúró.

3.4 Fedora. Ẹ̀dà yìí ni Red Hat ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ohun tuntun ti sábà máa ń kọ́kọ́ fara hàn kí ó tó dé ibòmíràn. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni ó ń jáde, ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan sì ń gba àtúnṣe fún nǹkan bí oṣù 13 péré. Fún onímọ̀ ẹ̀rọ, èyí jẹ́ ìgbádùn. Fún ibùdó kan ní ìgbèríko tí ó ń ra íntánẹ́ẹ̀tì ní ìwọ̀nba, ó túmọ̀ sí pé ní ọdọọdún, bí ó pẹ́ bí ó yá, a ó gbé ètò adarí kan gbáko gba orí fóònù olùkọ́ kọjá.

4. Ìdánwò àkọtọ́

A dé orí ohun tí ó kàn wá jù. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí a fi lélẹ̀ ní ọdún 1975, tí a sì tún yẹ̀ wò ní ọdún 1990 àti 2008, ní kí a máa kọ ɛ, ɔ àti sh, níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ń kọ ẹ, ọ àti ṣ. (Àkọtọ́ ti Nàìjíríà ni a fi tẹ àpilẹ̀kọ yìí, kí òǹkàwé ìhà méjèèjì ààlà lè kà á.) Ètò adarí tí ó bá yẹ fún wa gbọ́dọ̀ lè kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ láìpa wọ́n pọ̀, kí ó sì lè kọ ɔkɔ, ɔkɔ́, ɔkɔ̀ àti ɔ̀kɔ̀ pẹ̀lú.

Ìdájọ́ àkọ́kọ́ lè ya àwọn tí ń jà lórí ẹ̀dà lẹ́nu: nínú ìdánwò yìí, ìyàtọ̀ àárín àwọn ẹ̀dà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tó nǹkan. Àkójọ ètò kíbọ́ọ̀dù kan náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ xkeyboard-config, ni gbogbo wọn ń lò. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú rẹ̀ lábẹ́ Nàìjíríà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ AZERTY ti Faransé yóò rí kíbọ́ọ̀dù AZERTY kan lábẹ́ Kamẹrúùnù, tí ó ní ɛ àti ɔ, nítorí pé àwọn lẹ́tà wọ̀nyí wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì tí àwọn ará Kamẹrúùnù fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọdún 1979. Àwọn àwòrán lẹ́tà náà jẹ́ ọ̀kan náà: DejaVu, Noto, Gentium àti Charis SIL wà nínú àká àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí, wọ́n sì ń gbé àmì ohùn sí orí lẹ́tà bí ó ti yẹ.

Ìyàtọ̀ ti wà rí. Red Hat sọ UTF-8 di àṣà nínú ìtẹ̀jáde 8.0 rẹ̀ ní ọdún 2002. Ubuntu sọ ọ́ di àṣà ní ọdún 2005. Debian dúró di ọdún 2007. UTF-8 ni ọ̀nà tí a fi ń kọ nọ́ńbà tí Unicode fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan káríayé sínú ẹ̀rọ. Kí ó tó gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi àwòrán ɛ bo orí àmì mìíràn nínú fọ́ńtì tí ẹnì kan ṣe lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ní ibi iṣẹ́ kan tí mo ti kọ́ṣẹ́, wọ́n gbé àkójọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí a fi ọdún mẹ́rin kó jọ. Fọ́ńtì rẹ̀ ti sọnù pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó wà nínú rẹ̀. Gbogbo ɔ ti di àmì owó, gbogbo ɛ ti di àmì mìíràn tí kò ní ìtumọ̀. Àmì ohùn ti pòórá pátápátá. Ẹni tí ó sọ àwọn ọ̀rọ̀ náà fún wọn ti di olóògbé. Mo tún lẹ́tà wọn ṣe. Ohùn wọn ni n kò lè tún ṣe, nítorí kò sí ẹni tí mo lè bi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ètò ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

Ohun kan wà nínú ìdánwò yìí tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà kọ ọ̀: ọ tí ó ti ní àmì abẹ́ tẹ́lẹ̀, kí a fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ kún un, o, àmì abẹ́, lẹ́yìn náà àmì ohùn, o, àmì ohùn, lẹ́yìn náà àmì abẹ́, tàbí ò tí ó ti ní àmì ohùn, kí a fi àmì abẹ́ kún un. Ojú ènìyàn kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ètò grep, tí àwa olùwádìí ń lò láti wá ọ̀rọ̀ nínú àkójọ ńlá, yóò rí ọ̀kan, yóò sì fo mẹ́ta yòókù. Olùwádìí lè ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan farahàn kí ó sì ṣì í kà, láìsí ẹni tí yóò mọ̀. Ní ti ɔ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà: ɔ àti àmì ohùn. Nítorí náà, ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, àkọtọ́ Bẹ̀nẹ̀ tí àwọn kan ń bú pé ó ya wá nípa sí àwọn ará Nàìjíríà ní àǹfààní kan tí a kò sábà mẹ́nu bà. Ìwòsàn wà fún èkejì: ètò uconv, tí ó wà nínú àká Debian àti ti Fedora, lè sọ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan, èyí tí a ń pè ní NFC. Ẹ̀dà yòówù tí a bá yàn, a gbọ́dọ̀ ṣe èyí kí a tó ka ohunkóhun.

Kí ni a wá lè sọ nípa èdè tí ètò náà fi ń bá wa sọ̀rọ̀? Ilé-ìwé Ubuntu láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí olúkúlùkù lè lo ẹ̀rọ ní èdè tí ó wù ú. Ìlérí náà dára. Ìmúṣẹ rẹ̀ fún wa kò tíì dé. Faransé kún inú gbogbo ẹ̀dà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí yóò bá wa sọ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìpìlẹ̀ nìkan ni a ti fi lélẹ̀. Àmì yo_NG wà nínú ètò GNU fún Yorùbá ti Nàìjíríà. Nínú àkójọ àgbáyé tí àjọ Unicode ń tọ́jú, tí a ń pè ní CLDR, yo_BJ wà pẹ̀lú fún Bẹ̀nẹ̀, àwọn oṣù inú rẹ̀ sì jẹ́ Shɛ́rɛ́, Èrèlè, Ɛrɛ̀nà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A kò gbọ́dọ̀ kóyán èyí kéré: àkọtọ́ wa ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé tí gbogbo ẹ̀rọ ayé ń kà. Ilé náà ni a kò tíì kọ́ lé orí ìpìlẹ̀ ọ̀hún.

5. Ta ni ó lè yí ọ̀rọ̀ padà?

Bí lẹ́tà kò bá ya àwọn ẹ̀dà sọ́tọ̀, kí ni ó yà wọ́n? Àṣẹ ni. Àpẹẹrẹ méjì yóò fi èyí hàn.

Èkíní ni ti CentOS, ẹ̀dà olómìnira tí a gbé ka orí ẹ̀dà títà ti Red Hat. Red Hat gbà á sábẹ́ ara rẹ̀ ní ọdún 2014. IBM sì ra Red Hat ní ọdún 2019. Àwọn tí ó gbé CentOS Linux 8 sínú ẹ̀rọ wọn ń retí àtúnṣe títí di ọdún 2029. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, a kéde pé yóò parí ní òpin ọdún 2021. Ilé-iṣẹ́ náà kò rú òfin kankan. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni ó pinnu lé lórí. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e ni ó kó ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ètò náà jẹ́ olómìnira, AlmaLinux àti Rocky Linux dìde ní ọdún 2021 láti gba àwọn tí ó ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Èkejì súnmọ́ àwa tí a kàwé ní èdè Faransé. Mandrake jáde ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1998 láti ọwọ́ Gaël Duval. Fún ìgbà pípẹ́ òun ni ó rọrùn jù lọ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2005 ó di Mandriva. Ilé-iṣẹ́ náà wó ní ọdún 2015. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò kú, nítorí ní ọdún 2010 ni àwọn kan lára àwọn tí ó ń ṣe é ti mú un jáde lábẹ́ orúkọ Mageia, tí ó ṣì ń jáde títí di òní.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn méjèèjì jẹ́ ọ̀kan. Òmìnira kò dá ilé-iṣẹ́ dúró kí ó má yí padà tàbí kí ó má wó. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó fún àwọn tí ó kù ní ẹ̀tọ́ láti gbé iṣẹ́ náà lọ síwájú. Ṣùgbọ́n gbígbé e lọ síwájú gba agbára, gba àkókò, ó sì gba ìmọ̀, ibùdó mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kì í sì í ní èyí tó pọ̀. Fún ìdí èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹ̀dà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ olómìnira, ó sàn fún aláìlágbára láti yan èyí tí ọjà ẹnì kan kò lè fà tu lójijì.

6. Ìdájọ́

Ibùdó tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dára, Debian ni a gbà nímọ̀ràn fún. Dísìkì kékeré tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò tó 1 GB, nígbà tí ti Ubuntu 24.04 ju 5 GB lọ, tí ti Mint sì súnmọ́ 3 GB. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, a lè gba àká Debian lódindi sí orí dísìkì. Ẹni kan tí ó bá lọ sí Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́ lè gbé e padà sí Sábẹ̀ẹ́ nínú àpò, kí ẹ̀rọ mẹ́wàá sì ti ibẹ̀ gba gbogbo ètò tí wọ́n nílò láìkan íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ní kí ẹ̀rọ ní ìrántí 2 GB bí a bá fẹ́ ojú ẹ̀rọ tí a ń fi eku tọ́ka. Ubuntu ń béèrè 4 GB. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni pé Debian 13 kò ní ètò ìfisínú-ẹ̀rọ mọ́ fún àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ onípele 32. Debian 12 ni ó kẹ́yìn fún wọn.

Olùkọ́ tí ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀, tí ó ti Windows bọ̀, tí kò sì ní ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́, kí ó mú Linux Mint. Ọjọ́ méjì kò ní pé kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ ọn.

Olùwádìí tí ó wà ní yunifásítì, tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yá, tí ó sì nílò ètò ìtúpalẹ̀ ohùn tàbí ti ìṣirò tí ó jẹ́ tuntun jù, kí ó lo Fedora, bí ó bá ti gbà láti máa sọ ọ́ dọ̀tun lọ́dọọdún.

Ní ti Ubuntu, a kò kọ̀ ọ́ fún ẹni tí ó ti ń lò ó. Iṣẹ́ tí ó ṣe kò ṣeé gbàgbé. Ṣùgbọ́n a kò ní fi í ṣe àkọ́kọ́yàn fún ibùdó, nítorí ọ̀nà snap ń dá gbogbo ènìyàn padà sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo.

7. Ìkádìí

Nínú àgbéyẹ̀wò yìí, a ti rí i pé ohun tí àwọn ènìyàn ń jà lé lórí jù lọ, èyí ni ìrísí àti ìyára, ni ó kéré jù lọ nínú ìwọ̀n iṣẹ́ wa. Lẹ́tà wa wà nínú gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ wà nínú ẹni tí ó ní àṣẹ, iye ọdún tí ìlérí rẹ̀ dúró, àti ọ̀nà tí iṣẹ́ rẹ̀ lè gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀nà jìn sí.

Ó kù sí ọwọ́ wa. Kí àwọn ibùdó tí ó wà ní agbègbè kan lo ìtẹ̀jáde kan náà, kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lè ran ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Kí a má ṣe tẹ ìwé kankan mọ́ pẹ̀lú fọ́ńtì tí kò bá ìlànà Unicode mu. Kí a sọ gbogbo àkójọ ọ̀rọ̀ di NFC kí a tó fi wọ́n pamọ́. Kí àwọn tí ó gbọ́ Yorùbá-Nàgó dáadáa sì bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣí, pamọ́, wá, parẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí kò gba owó, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé-àṣẹ ètò náà ti fún wa ní ẹ̀tọ́ náà láti ọjọ́ tí ó ti jáde. Bí a kò bá lò ó, kì í ṣe ẹ̀bi Helsinki tàbí ti Boston. Àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ ní Kétu yẹ kí ó jókòó síwájú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ náà sì kí i ní èdè tí ó fi kọ orúkọ náà.